Bí mo ṣe rẹ pastis nínú kíṣìnì wa: ìgò àkọ́kọ́ bàjẹ́, èkejì gbọ́ràn

Ìgbà ooru tó kọjá lọ̀rọ̀ pastis yìí, ìyẹn ọtí ánísì àwọn ará Faransé, bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ará Tọ́kì, pè wá wá sẹ́yìnkùlé ẹ̀ níbí ní London, ó ń yan ẹran. Ó gbé ìgò kan jáde, ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò, ó da díẹ̀ sínú gíláàsì gígùn tín-ín-rín kan, ó bu omi tútù lé e, kíá ni gbogbo ẹ̀ funfun. Mo dìde lórí àga. Ká má parọ́, omidùn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, omi ojú ògì tí ìyá mi máa ń rọra dà kúrò láàárọ̀ kó tó po ẹ̀kọ. Ó ní rakı nìyẹn, pé wàrà kìnnìún làwọn ń pè é nílé àwọn. Mo gbé e sẹ́nu, òórùn ẹ̀ sì wá dà bíi gripe water tí wọ́n ń fún ọmọ tí inú bá ń run. Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ pẹ̀lú wàràkàṣì funfun àti mélọ̀nù tútù tó gbé tì í, ìgbà tí gíláàsì kejì fi máa tán mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, mo ti ń bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò lè ṣe rakı nílé. Èso àjàrà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi se ọtí, wọ́n á wá da irúgbìn ánísì sínú ọtí yẹn, wọ́n á tún un sè lẹ́ẹ̀kejì nínú ìkòkò bàbà, ooru ọtí tó bá gòkè lọ tó sì tutù ni wọ́n ń gbà. Arak tàwọn ará Lẹ́bánónì náà, ìkòkò bàbà ni, ouzo tàwọn Gíríìkì ní Plomari lórí erékùṣù Lesvos, ìkòkò bàbà. Bí wọ́n ṣe ń se ògógóró létí omi lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ náà ni, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé ẹmu ni tiwa, a kì í sì í da irúgbìn sí i. Òfin ibí kò gbà kéèyàn se ọtí báyẹn láìní láísẹ́ńsì. Ká tiẹ̀ ní òfin gbà á, mi ò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òndó lọ́dún 2015, tí ọtí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀ pa àwọn èèyàn, tójú àwọn míì fọ́, táwọn kan sì kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ yẹn, kó fi iná sílẹ̀ jàre.

Pastis ló kù. Orúkọ ẹ̀ gan-an, àdàlù ló túmọ̀ sí lédè àwọn ará gúúsù Faransé. Ìjọba Faransé ló fòfin de absinthe, ìyẹn ọtí ánísì míì tí wọ́n ń fi ewé kíkorò kan ṣe, lọ́dún 1915, nígbà ogun, àwọn tí ọ̀fun wọn ti mọ ánísì wá di ọmọ òrukàn. Bó ṣe di pé òfin ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Paul Ricard gbé tiẹ̀ jáde ní Marseille lọ́dún 1932, ìyẹn ọtí ánísì tí wọ́n rẹ gbòǹgbò líkọ́ríìsì sí, láìsí ewé kíkorò absinthe yẹn níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ń lo òróró ánísì tí wọ́n ti fà jáde lọ́tọ̀, àmọ́ èèyàn lè rẹ irúgbìn sínú ọtí tó ti san owó orí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ.

Rírẹ nǹkan sọ́tí, ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá? Bàbá àgbà mi ní ìgò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, egbò lóríṣiríṣi nínú ògógóró, ìgò yẹn ò tán rí torí bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń rọ òmíì lé e. Párágà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, kí nìyẹn náà? Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fọkàn balẹ̀. Ìfọkànbalẹ̀ yẹn ló bà mí jẹ́.

Ìgò àkọ́kọ́

Vodka 40% ìgò kan, 700 ml. Ánísì oníràwọ̀ gíráàmù 30, irúgbìn ánísì wẹ́wẹ́ gíráàmù 10, fẹ́nẹ̀lì gíráàmù 5, gbòǹgbò líkọ́ríìsì gíráàmù 10, kànáfùrù mẹ́rin torí pé mo fẹ́ràn kànáfùrù. Ṣọ́ọ̀bù àwọn Tọ́kì ní Green Lanes ni mo ti ra gbogbo ẹ̀, mi ò ná tó pọ́n-ùn mẹ́wàá yàtọ̀ sí owó ọtí.

Ẹ gbọ́ o, ánísì oníràwọ̀ àti ánísì wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá. Èyí oníràwọ̀ yẹn, èso igi ni, láti Ṣáínà àti Vietnam. Èyí wẹ́wẹ́ jẹ́ irúgbìn ewéko kékeré kan, ìbátan fẹ́nẹ̀lì. Òróró kan náà ló kàn wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, anethole ni wọ́n ń pè é, òun ló ń rùn, òun náà ló ń funfun nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ra èyí oníràwọ̀, torí ó ní òmíì tó jọ ọ́ bí ìbejì, ti Japan, májèlé nìyẹn, tùràrí ni wọ́n ń fi í ṣe.

Mo da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ìgò olómorí tó dé pinpin, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ lò. Wọ́n wá fi mí sí iṣẹ́ alẹ́, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìyàwó mi ló rí i nígbà tó ń wá ìyẹ̀fun.

"Bàbá Ìbejì, ṣé párágà lẹ fẹ́ máa tà fún wa ní London ni?"

"Ìyá Ìbejì, pastis ni."

"Ẹ wò ó, àgbo jẹ̀dí lèmi rí o."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti dúdú bí àgbo jẹ̀dí tó lo oṣù kan. Mo sẹ́ ẹ, mo kán an sí ahọ́n, ahọ́n kú. Kànáfùrù ló ṣe èyí, kànáfùrù mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ìgbà tí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ eyín. Lẹ́yìn tí ahọ́n sọjí ni ìkorò wá dé, láti ara èèpo ánísì oníràwọ̀ yẹn.

Mo ní kí n fi ṣúgà tún un ṣe. Mo po ṣúgà àti omi, mo jẹ́ kó tutù, mo wọn 80 ml sí i. Bó ṣe ń wọlé báyìí ni ọtí ń di kùrukùru nínú ìgò. Kì í ṣe nínú gíláàsì o, nínú ìgò. Mo mì ín, kò mọ́. Mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò mọ́, ó dúró báyẹn bí omi àfọ̀.

Kí ló dé

Mo lo bí alẹ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé anethole fẹ́ràn álíkóhòlù, kò fẹ́ràn omi. Tí ọtí bá le dáadáa, òróró á farapamọ́ sínú ẹ̀, ojú ò ní rí i. Tómi bá ti wá pọ̀ jù, òróró ò ní ibi dúró mọ́, á jáde ní ẹ̀kán kéékèèké tí ò ṣeé kà, ìmọ́lẹ̀ á máa ta lára wọn, ojú wa á wá rí funfun. Ohun tá a fẹ́ nínú gíláàsì nìyẹn. Vodka 40% ti gbé ẹrù dé ọrùn, omi ṣúgà tí mo dà sí i ló mú un wálẹ̀ sí bíi 36%, ẹrù já. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 45% ni pastis tí wọ́n ń kọ Marseille sí lára, tí gíráàmù 2 anethole sì gbọ́dọ̀ wà nínú lítà kan. Mo ti rí nọ́ńbà yẹn lára ìgò tẹ́lẹ̀, mo rò pé kó lè tètè pa èèyàn ni.

Àtúnṣe: ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Pólàǹdì ń ta spírítì kan tó jẹ́ 95%. Mo kó bírò. Ọtí mi tó kù jẹ́ bíi 730 ml, álíkóhòlù inú ẹ̀ jẹ́ bíi 260. Tí mo bá fi 150 ml spírítì yẹn kún un, gbogbo ẹ̀ á di 880, álíkóhòlù á di bíi 402, ìyẹn ń lọ sí 45 sí 46%. Mo rọra ń dà á, mo ń rò ó. Ní bíi 100 ml ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, nígbà tó fi máa pé 150 ó ti mọ́ kedere, mo rí ọwọ́ ara mi láti òdìkejì ìgò. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó, ó ní "ó dáa, ẹ kú iṣẹ́," ó padà sídìí fóònù ẹ̀.

Ìkorò ò lọ o. Omi àti ṣúgà ò lè yọ ìyẹn. Mo gbé e sí fírísà kó lè tutù rinrin, tó bá tutù mi ò ní gbọ́ adùn ẹ̀ jù, ọgbọ́n àrékérekè. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan funfun bí èérún àbẹ́là ń léfòó káàkiri nínú ẹ̀. Mo tún rò pé ó bàjẹ́. Anethole náà ni. Nǹkan bíi 21 lórí ìwọ̀n Celsius ló ti máa ń dì tó bá dá wà, bí òróró àgbọn ṣe máa ń dì lóyìnbó níbí tí òtútù bá mú. Mo gbé ìgò sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú bí ogún, mo mì ín, ó yọ́, ó mọ́. Àwọn tó mọ pastis kì í gbé ìgò ẹ̀ sí fíríìjì, omi ni wọ́n ń mú tutù.

Ìgò kejì

Lọ́tẹ̀ yìí mo bẹ̀rẹ̀ látinú spírítì Pólàǹdì yẹn. Kí n tó ṣí i mo pa gáàsì, mo pa àbẹ́là olóòórùn dídùn tí ìyàwó mi ń tàn, mo ṣí fèrèsé. 95% kì í ṣe ohun eré. Lọ́dún 1901 àrá san lu ilé iṣẹ́ absinthe Pernod ní Pontarlier ní Faransé, ilé ń jó, òṣìṣẹ́ kan wá ṣí àwọn táǹkì, ó da ọtí tó wà níbẹ̀ sínú odò Doubs kó má bàa bú gbàù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi odò míì tó ń jẹ́ Loue, tó jìnnà síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí absinthe. Báyẹn làwọn èèyàn ṣe mọ̀ pé omi Doubs ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá Loue. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, àmọ́ mi ò fẹ́ kí kíṣìnì tiwa wọnú ìtàn.

Spírítì 400 ml, omi 300 ml. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí. Ìkíní, bí mo ṣe pò wọ́n pọ̀ ni ìgò lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, láìsí iná. Ìkejì, kò pé 700. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bíi 675 ni. Mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan jọ́ọ̀gì. Ó wá jẹ́ pé omi àti álíkóhòlù máa ń wọra wọn lára, bí ìgbà tó o bá da ìyanrìn sínú òkúta wẹ́wẹ́, àpapọ̀ wọn kì í tó iye tó o dà. Ọtí náà wá jẹ́ bíi 56%.

Ánísì oníràwọ̀ gíráàmù 25, mo gún un díẹ̀, kò kúnná. Ánísì wẹ́wẹ́ gíráàmù 15, fẹ́nẹ̀lì 5. Kànáfùrù kò sí. Líkọ́ríìsì ò tíì wọlé, ibi tí mo ti ṣìnà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mo ń ṣe é bí àgbo tí gbogbo egbò ń wọ ìkòkò pọ̀. Oníkálukú ló ní ọjọ́ tiẹ̀.

Ìdánwò ṣíbí, alaalẹ́: ṣíbí tíì kan nínú ọtí, ṣíbí omi tútù márùn-ún, nínú ife funfun.

Alẹ́ kìíní, ó ṣú díẹ̀ bí omi ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Alẹ́ kejì, funfun dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń tàn bí aró tó ti ṣá.

Alẹ́ kẹta, ó ki, mi ò rí ìdí ife mọ́.

Alẹ́ kẹrin, bákan náà pẹ̀lú ti kẹta, àmọ́ ìkorò kékeré kan ti ń yọjú lẹ́yìn ọ̀fun. Mo sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, alẹ́ kẹta ni mi ò bá ti sẹ́ ẹ. Bó ṣe ń ki nínú omi, iye òróró tó wà níbẹ̀ nìkan nìyẹn ń sọ fún ẹ, kò sọ pé ó dùn. Ìgò àkọ́kọ́ náà funfun dáadáa o.

Lẹ́yìn náà ni gbòǹgbò líkọ́ríìsì wọlé, gíráàmù 8, wákàtí mẹ́rìnlélógún péré. Àwọ̀ ẹ̀ ti ewé yíyọ̀ bọ́ sí wúrà, adùn kan sì wọlé tí kì í ṣe ti ṣúgà, èyí tó máa ń pẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó rọra o, líkọ́ríìsì máa ń gbé e sókè, àbúrò ìyá mi tó wá kí wa mo fi kàn án nímú lásán ni.

Mo bu 100 ml sọ́tọ̀, mo ju èèrù kan sínú ẹ̀ mọ́jú. Ẹ má bi mí ìdí. Èèrù ti ilé ni, ìyá mi ló fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà gbígbẹ.

Sísẹ́ ẹ ló gba àkókò jù. Aṣọ àsẹ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí. Ó ń kán tó, tó, tó, wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi dúró tì í, tó o bá fún bébà yẹn kó lè yá, eruku á bá a lọ, mo mọ̀ torí mo fún un. Ohun tó kù, tí mo bá ka ti èèrù mọ́ ọn, jẹ́ bíi 630 ml. Kí ó tó lè di 45% mo nílò kó di nǹkan bíi 785, nítorí náà omi 130 ml àti ṣúgà gíráàmù 40, mo pín in fún ìgò méjèèjì bó ṣe tọ́ sí wọn. Mo dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ojú mi wà lára ìgò bí ẹni ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná. Kò ṣú. Ó mọ́ gaara.

Mímu ẹ̀

Ọtí kan, omi márùn-ún. Ọtí lákọ̀ọ́kọ́, omi tútù tẹ̀ lé e, yìnyín gbẹ̀yìn. Tó o bá fi yìnyín lé ọtí lásán lórí, òróró á dì sójú ẹ̀ bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná. Àwọn ará Lẹ́bánónì kì í tiẹ̀ da arak tuntun sínú gíláàsì tí wọ́n ti mu tẹ́lẹ̀, gíláàsì mímọ́ ni wọ́n máa ń gbé wá nígbàkigbà nítorí awọ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, bí wọ́n bá sì máa pò ó, ìdá kan ọtí sí ìdá méjì omi. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé mì gbúù bí ọtí orí gbèsè. Oúnjẹ pẹ́pẹ̀pẹ́ á kún tábìlì, ọ̀rọ̀ á kún tábìlì, gíláàsì kan á gba wákàtí kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé tiwa yàtọ̀, párágà lórí ìdúró ni, o san owó, o gbé e mì, o bọ́ sọ́kọ̀.

Mo gbé ìgò kejì lọ bá bọ̀dá ará Tọ́kì yẹn lọ́jọ́ Sátidé. "Abi" ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́, bọ̀dá náà ni ìyẹn ń jẹ́ lédè wọn. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀, ó pò ó, ó wò ó bó ṣe ń funfun, kò sọ nǹkan kan. Ó mu díẹ̀. Ó jẹ wàràkàṣì. Ó tún mu.

"Ta lo ṣe ṣúgà yìí fún, ọmọ kékeré?"

Mo ní pastis ni, kì í ṣe rakı, àwọn Faransé máa ń fi ṣúgà sí i. Ó ní kí àwọn Faransé máa bá a lọ. Ó wá bi mí pé ìgò kékeré yẹn ńkọ́, èyí tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn. Ti èèrù ni. Mi ò fẹ́ gbé e jáde rárá, torí ó ti rùn bí ọbẹ̀ ata. Ó mu ún, ojú ẹ̀ là, ó ní kí lewé yìí, mo ní kì í ṣe ewé, èso ni, láti ilé. Òun ló mu èyí tó pọ̀ jù nínú 100 ml yẹn, ó sì tún bi mí bóyá ó kù.

Ìgò àkọ́kọ́ ṣì wà, mi ò dà á nù. Ìyàwó mi ń lò ó. Ó gbọ́ pé wọ́n ń fi pastis se ẹja ní Marseille, ó wá ń wọn ṣíbí kan sínú ẹja tútù kí ata tó bọ́ sí i, a ò sì gbọ́ ìkorò yẹn nínú ọbẹ̀ rárá, òórùn ẹja ló kàn lọ.

Ìkẹta ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti alẹ́ àná. Ánísì wẹ́wẹ́ nìkan, gíráàmù 40, kò sí oníràwọ̀, kò sí líkọ́ríìsì, mi ò ní fi ṣúgà sí i. Èèrù méjì máa wọlé ní alẹ́ kejì. Mo ti kọ ọjọ́ sára ìgò, mo tún fi aláàmù sórí fóònù, ti Ìyá Ìbejì náà mo fi sí i.